Fort Bend tí gbogbo wa ń kó lọ: ta ló ń gbé ibẹ̀ kí ilé tó débẹ̀?

Àkànmú_TX

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ilé àyágbé ní Alief, níwọ̀-oòrùn Houston, ní Texas. Ìyàwó mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní Sátidé tó kọjá, a wakọ̀ lọ wo ilé tuntun kan lẹ́yìn Richmond, ní káúńtì Fort Bend. Ilé náà dára. Yàrá mẹ́rin, gáréèjì ọkọ̀ méjì, kíṣìnì tó fẹ̀ débi pé èèyàn lè gúnyán níbẹ̀ kí igbọ̀nwọ́ rẹ̀ má kan fìríìjì.

Nǹkan méjì ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń bá wọn ta ilé kọ iye owó orí ilé sórí ìwé, mo rò pé ó ṣì í kọ ni. Dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ilé bá tó, lọ́dọọdún! Ti onílé mi ní Alief ò sún mọ́ ọn. Ìkejì, pápá oko ló wà ní òdìkejì títì, màlúù mọ́kànlá ń jẹko níbẹ̀ (mo kà wọ́n). Lẹ́yìn màlúù, ilé tuntun. Lẹ́yìn ilé tuntun, màlúù mìíràn.

Mo bi ọmọbìnrin náà pé kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Bàbá mi kì í ra ilẹ̀ láìbéèrè ẹni tó ni ín kí ẹni tó fẹ́ tà á tó ni ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ìnáwó o, bàbá. Ilé ìwé ibẹ̀ dáa, ìyẹn ló gbé wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó béèrè owó orí, ẹ béèrè omi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà báyìí, màá padà wá ṣàlàyé.

Bàbá_59

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí. Ọdún 1979 ni mo dé Houston láti Abẹ́òkúta, Yunifásítì Texas Southern ni mo wá kàwé. Náírà lágbára ju dọ́là lọ nígbà náà, ẹ má jẹ́ n sunkún. Lọ́jọ́ yẹn, béèyàn bá gba Márosẹ̀ 59 lọ sí apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, tó ti kọjá àdúgbò Sharpstown, ó ti jáde nílùú nìyẹn. Oko ìrẹsì, oko òwú, òkùnkùn biribiri. Tẹ́ ẹ bá dé Sugar Land, ẹ ó rí iná ilé iṣẹ́ ṣúgà, òórùn rẹ̀ á sì gba inú ọkọ̀ kan.

Ọ̀nà ló bí Fort Bend tẹ́ ẹ mọ̀ lónìí. Frank Sharp tó bẹ̀rẹ̀ Sharpstown ní 1955 gbọ́n féfé: ó fún ìjọba nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí márosẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé tó ń kọ́ kọjá. Ẹni tí kò fẹ́ gbé àárín Houston ríbi tó lè máa wakọ̀ dé. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà náà wọ Fort Bend. Sugar Creek kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1968, lẹ́yìn náà ni First Colony dé ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbàarùn-ún éékà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìtajà, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, adágún tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú àwòrán kí ẹnikẹ́ni tó gbé bùlọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Iye èèyàn tí ìkànìyàn kà níbẹ̀ rèé, ẹ fojú ara yín wò ó:

1950: 31,056
1970: 52,314
1980: 130,846
2000: 354,452
2020: 822,779

Láàárín àádọ́ta ọdún, ibi tí èèyàn rẹ̀ kò ju ti ìlú kékeré kan lọ ti fi ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ sí i.

Àwa ńkọ́? Epo rọ̀bì tó gbé wa wá ló tún ṣílẹ̀kùn fún wa. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 1986, àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ epo ń ju kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún báǹkì, wọ́n ń lọ. Ilé wá di pọ̀ọ́kú. Dúdú, ará Íńdíà, ará Ṣáínà àti àwa náà bá wọlé. Mo ra tèmi ní Missouri City ní 1988. Tọ̀tún tòsì mi, òyìnbó ni. Nígbà tí Hakeem Olajuwon ọmọ wa gba ife kejì fún Rockets, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ Houston, ní 1995, èmi àti ìyàwó mi jáde sí gbangba, a ń lu ìkòkò. A gbọ́ tí wọ́n ń lu ìkòkò nílé kẹta, nílé karùn-ún, lójú ọ̀nà kejì. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé a ti pọ̀ níbẹ̀.

Orúkọ Missouri City yẹn gan-an, ìpolówó ilẹ̀ ni. Láàárín ọdún 1890 sí 1899, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ lọ kéde rẹ̀ fáwọn ará St. Louis, ní Missouri, pé ibi tí òtútù kì í dé ni. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọmọbìnrin tó sọ fún Àkànmú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ti pẹ́.

Ọmọ_Olùkọ́

Bàbá wa ti sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ n sọ ti odò. Odò Brazos ló fún ibẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí Texas ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò, Stephen F. Austin ń kó àwọn òyìnbó láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀ dó. Díẹ̀ nínú wọn fi igi kọ́ ilé ààbò kan ní 1822, níbi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ilé ààbò ibi kọ́rọ́ odò, òun ni Fort Bend. Àwọn Karankawa tó ń ṣọdẹ, tó ń pẹja lágbègbè yẹn kí òyìnbó tó dé, wọ́n lé wọn lọ. Texas gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Mẹ́síkò ní 1836. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá 1837, Fort Bend ti di káúńtì, Richmond sì ni olú ìlú rẹ̀ títí dòní.

Ilẹ̀ etí odò náà dúdú, ó lọ́ràá. Ó gba òwú, ó gba ìrèké. Ta ló ń ro ó? Ìkànìyàn ọdún 1860 ka ẹrú 4,127 níbẹ̀, ó ka òyìnbó 2,016. Ẹrú méjì lórí òyìnbó kan, tọmọdé tàgbà. Ọdún 1865 ni wọ́n tó ka òmìnira sí wọn létí, ní Galveston, lọ́jọ́ 19 oṣù kẹfà.

Nítorí pé dúdú ló pọ̀ jù, nígbà tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn ló ń yan ẹni tó bá wù wọ́n. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Walter Moses Burton. Ẹrú ni wọ́n fi kó o wá láti North Carolina. Ní 1869, wọ́n dìbò yàn án ní ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá, Fort Bend, òun náà ló tún ń gba owó orí. Àkànmú, ẹ gbọ́ o: ọwọ́ ẹni tó ti ṣẹrú rí làwọn tó ti kó ẹrú rí ń mú owó orí ilẹ̀ wọn wá fún. Lẹ́yìn náà, ó di sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ Texas, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1882.

Ó dun àwọn òyìnbó kan wọra. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Jaybird lórúkọ rẹ̀. Wọ́n ń pe àwọn alátakò wọn, àwọn tí ìbò dúdú ń gbé wọlé, ní Woodpecker. Orúkọ ẹyẹ ni méjèèjì, ẹyẹ àkókó wa yìí ni èkejì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1889, wọ́n yìnbọn fún ara wọn níwájú ilé ẹjọ́ Richmond, ṣẹ́rífù tó wà níbẹ̀ nígbà náà kú. Àwọn Jaybird borí. Wọ́n lé àwọn olóyè tí dúdú yàn, wọ́n sì dọ́gbọ́n kan tó le ju ìbọn lọ: wọ́n ń ṣe ìbò tiwọn, òyìnbó nìkan, kí ìbò gidi tó dé. Ẹni tó bá wọlé nínú ìbò ẹgbẹ́ ti wọlé nìyẹn. Béèyàn bá béèrè, wọ́n á ní kì í ṣe ìjọba ló ṣe é, ẹgbẹ́ ni.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Willie Melton àti obìnrin kan, Arizona Fleming, wà lára àwọn tó kó èèyàn jọ, tí wọ́n gbé àwọn Jaybird lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà, Terry àti Adams, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a ní oṣù karùn-ún 1953 pé ìwà yẹn kò bófin mu. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní Fort Bend tó ń jẹ́ Arizona Fleming. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ láìmọ ẹni tó jẹ́.

Jẹ́_n_sinmi

Ẹ dákun. Ọkùnrin yìí béèrè owó orí, ẹ ń sọ ìtàn ẹrú fún un. 2006 ni mo dé. Mi ò ra ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò rà mí. Ilé ni mo rà.

Ọmọ_Olùkọ́

@Jẹ́_n_sinmi, ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé nìkan, ó wà nínú ilẹ̀.

Ní oṣù kejì 2018, wọ́n ń walẹ̀ láti kọ́ ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Sugar Land, ẹ̀rọ sì gbé egungun jáde. Wọ́n rọra wa ìyókù. Sàárè márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọkùnrin ni gbogbo wọn àfi ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ tó yẹ egungun náà wò sọ pé ẹni tó kéré jù nínú wọn tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹni tó dàgbà jù sì tó ẹni àádọ́rin. Ẹ̀yìn òmìnira ni wọ́n sin wọ́n o, kì í ṣe ayé ẹrú.

Báwo ló ṣe jẹ́? Òfin tó fòpin sí ẹrú kò kan ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀. Ìrèké ṣì nílò ọwọ́. Wọ́n á mú dúdú tó ń rìn láìníṣẹ́, wọ́n á mú èyí tó jí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á dá ẹ̀wọ̀n fún un, ìjọba á sì yá a fún olóko. Ní 1878, Edward Cunningham àti Littleberry Ellis, àwọn tó ni oko ìrèké ní ibi tó di Sugar Land, gba gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ Texas lọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo wọn pátá. Ẹrú, olówó rẹ̀ náwó rà á, kò fẹ́ kó kú. Ẹlẹ́wọ̀n àyálò ńkọ́? Tí ọ̀kan bá kú, wọ́n á mú òmíràn wá. Inú omi ni wọ́n ti ń gé ìrèké, ibà sì ń pa wọ́n bí adìẹ.

Ọkùnrin kan, Reginald Moore, tó ti ṣe wọ́dà ẹ̀wọ̀n rí, fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òkú wà nílẹ̀ ibẹ̀. Wọn ò dá a lóhùn títí ẹ̀rọ fi bá a jẹ́rìí. Wọ́n tún àwọn èèyàn náà sin sí ojú ibẹ̀ ní 2019. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Moore náà kú.

Lẹ́yìn àwọn olóko yẹn, ilé iṣẹ́ Imperial Sugar ra ibẹ̀ ní nǹkan bí 1908. Ilé iṣẹ́ ló ni ilé táwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ìyẹ̀fun. Ọdún 1959 ni Sugar Land tó di ìlú tó dá dúró lábẹ́ òfin. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe oko ẹ̀wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lead Belly olórin ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ kí gómìnà tó dárí jì í ní 1925. Ẹ̀wọ̀n tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, 2011 ni wọ́n tì í. Ilẹ̀ oko ẹ̀wọ̀n ni ẹ́sítéètì Telfair dúró lé. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ti kógbá wọlé ní 2003, ilé bíríkì gíga kan nínú rẹ̀ ṣì wà lójú títì, fèrèsé rẹ̀ ṣófo. Ẹ́sítéètì Sienna tí gbogbo wa ń lọ ṣe ìkómọ níbẹ̀, Sienna Plantation ló ń jẹ́ títí di 2019. Oko ẹrú ni Plantation yẹn.

Ìjẹ̀bú_Rosenberg

Ẹ jẹ́ n fi kan kún un fún ẹ̀gbọ́n Jẹ́_n_sinmi tó ní kò kàn wá. Brazoria ni káúńtì tó wà nísàlẹ̀ Fort Bend, níbi tí odò Brazos ti wọ òkun. Ní 1836, Monroe Edwards kó ọmọ Áfíríkà tó rà ní Kúbà gba ẹnu odò San Bernard wọlé síbẹ̀, òun nìkan sì kọ́ ló ń ṣe òwò yẹn. Ọdún wo ni Ọ̀yọ́-Ilé tú? Àárín ọdún yẹn náà ni. Ta ni wọ́n ń kó lọ Kúbà nígbà náà, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí, tí wọ́n ń sọ pé “oluku mi”? Ẹ ro ó papọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kò kàn wá.

Jẹ́_n_sinmi

Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ìyẹn tilẹ̀ gbà mí lẹ́nu. Owó orí ńkọ́?

Akọ̀wé_Owó

Iṣẹ́ mi ni ìyẹn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó ń lé owó orí yẹn sókè ni wọ́n ń pè ní MUD. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ kọ́. Ẹ̀ka omi tó dá dúró ni, ìjọba kékeré gidi ni lábẹ́ òfin Texas: ó lè gba owó orí, ó lè yá owó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Oníṣòwò ilẹ̀ ra oko níbi tí páìpù omi ìlú kankan ò dé. Ó ní kí ìpínlẹ̀ jẹ́ kóun dá MUD sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé inú oko? Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi sínú ilé onítáyà lórí ilẹ̀ yẹn ni yóò dìbò pé kí MUD yá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Oníṣòwò á fi owó ara rẹ̀ kọ́kọ́ ri páìpù omi, kòtò ẹ̀gbin àti ojú àgbàrá. Tí ilé bá ti ń dìde, MUD á ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó, á fi owó náà san tirẹ̀ padà fún un. Ta ló wá ń san bọ́ǹdì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilé, fún bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún.

Ìdí nìyẹn tí ilé tuntun ní Fort Bend fi dà bí ẹni pé owó rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti ibòmíràn. Owó páìpù kò sí nínú iye ilé, inú owó orí ló wà. Ní Alief, páìpù ti pẹ́ nílẹ̀, gbèsè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ ṣírò rẹ̀: ilé $400,000, owó orí 3%, $12,000 lọ́dún, ẹgbẹ̀rún dọ́là lóṣù kan yàtọ̀ sí owó báǹkì. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tó ti ń gbà á.

Bí ẹ́sítéètì bá ṣe ń kún, owó MUD máa ń rẹlẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń pín gbèsè náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wọlé ló ń gbé èyí tó wúwo jù.

Ohun mẹ́ta kẹ́ ẹ má gbàgbé. Lọ́dún àkọ́kọ́, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n sábà máa ń gba owó orí, torí pé ilé kò tíì parí lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ẹ̀ẹ̀kejì, tẹ́ ẹ bá ti ń gbé inú rẹ̀, ẹ kọ fọ́ọ̀mù homestead: láti 2025, ó ń yọ $140,000, ó kéré tán, kúrò nínú iye tí owó orí ilé ìwé ń wò, kò sì ní jẹ́ kí iye tí wọ́n fi ń gba owó orí ga ju 10% lọ́dún kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ta ko iye tí wọ́n bá bu lé ilé yín lọ́dọọdún kí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún tó kọjá.

Màlúù yẹn ńkọ́? Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ tí màlúù bá ń jẹko lórí rẹ̀, owó orí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, bíńtín ni. Ẹni tó ni ín ń dúró de owó gidi ni.

Ìjẹ̀bú_Rosenberg

Ti ọdún àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ jẹ. Wọ́n sọ iye tí màá máa san lóṣù fún mi, mo fi ọwọ́ sí i, mo ra àga tuntun. Ọdún kejì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó yá mi lówó: $640 lé e, lóṣooṣù, kí n sì san àjẹẹ́lẹ̀ ọdún tó kọjá. Ìjẹ̀bú ni mí, mo mọ owó kà. Mi ò kàn mọ̀ pé orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ ni. Àga náà ṣì wà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ni mi ò tíì tú fún oṣù mẹ́jọ torí pé mo fẹ́ dá a padà.

Ìyá_Ìbejì

Mo ti jí. Ẹ jẹ́ n wá sọ ti omi.

Oṣù kẹjọ 2017, ìjì Harvey. Òjò náà rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní tiwa, lápá Katy tó wà nínú Fort Bend, òjò ti fẹ́ dá, a ti ń dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo rí omi nínú kòtò ojú títì, ó ń padà bọ̀. Kò yára. Ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó mọ́ gaara, ó dákẹ́, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Mo fi bátà ọmọ sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo padà wá wò ó, bátà ti léfòó. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé èmi àti àwọn ìbejì jáde, Táyé gbé àpò ìwé rẹ̀ lérí. Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni omi fi wà nínú ilé. Gààrí inú àpò wú, ó fọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó tà á fún wa kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé àwòrán ilẹ̀, lẹ́tà bíńtín bí ìdin, pé ibẹ̀ wà lẹ́bàá adágún ìdáàbòbò, omi sì lè dúró lórí rẹ̀. Ta ló ń ka ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń fún un ní kọ́kọ́rọ́?

Bàbá_59

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Barker nìyẹn. Lẹ́yìn tí omi ba Houston jẹ́ ní 1929 àti 1935, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ògiri erùpẹ̀ gbọọrọ méjì sí ìwọ̀-oòrùn ìlú kó lè dá omi dúró, Addicks àti Barker. Barker parí ní 1945. Ilẹ̀ gbígbẹ ni inú rẹ̀ láìsí òjò, èèyàn lè máa sáré ìdárayá níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba rà kò tó gbogbo ibi tí omi lè dé bó bá kún. Ìyókù wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀ tà á, wọ́n kọ́ Canyon Gate àti apá kan Cinco Ranch sí i. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a ní oṣù kejìlá 2019 pé ìjọba jẹ àwọn onílé òkè ògiri yẹn ní gbèsè. Kí owó tó dé ọwọ́ èèyàn, ìyẹn tún di ìtàn mìíràn.

Jẹ́_n_sinmi

Ẹ ò tíì sọ ti ẹgbẹ́ onílé. Mo ṣe ọjọ́ ìbí ìyá mi ọgọ́rin ọdún. Mo ta àgọ́ sẹ́yìnkùlé, mo dáná igi, torí pé ìrẹsì ayẹyẹ láìsí èéfín, oúnjẹ ilé ìwòsàn ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́tà dé: àgọ́, èéfín, ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún lójú títì, àti “ìlù tó pẹ́”. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìlù tó pẹ́. Wọ́n so fọ́tò mọ́ ọn. Ìyá mi ló wà láàárín fọ́tò náà, ó ń jó. Mo san $150, mo sì ní kí wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi dáadáa torí pé òun ló dára jù lára gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn.

Èwe_SugarLand

Ẹ káàsán ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí Yorùbá mi, ibí ni wọ́n bí mi sí. Fún ẹni tó ń béèrè bóyá kó wá, mo fẹ́ sọ bó ṣe rí láti dàgbà níbí. Kò sí ẹ̀yà kan tó tó ìdajì. Nínú kíláàsì mi, ọmọ Pakistan ló ń jókòó níwájú mi, ọmọ Vietnam lẹ́yìn, ẹnì kejì mi sì jẹ́ ọmọ Ibadan. Ní 2024, tẹ́ńpìlì kan ní Sugar Land gbé ère Hanuman tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 90 dúró. Láti ojú ọ̀nà, èèyàn á kàn rí i lókè igi.

Ní 2018, wọ́n yan KP George tí wọ́n bí ní Kerala, ní Íńdíà, ní olórí káúńtì. Ìbò yẹn náà ló gbé Brian Middleton wọlé, agbẹjọ́rò àgbà káúńtì, dúdú ni. Mi ò gbọ́ orúkọ Walter Burton rí títí tí mo fi kà á níbí lónìí. Ní ilé ìwé, Austin ni wọ́n kọ́ wa.

Àkànmú_TX

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yín, ìyàwó mi ní kí n kúkú ra ilé tirẹ̀ fún fóònù yìí.

Mo lọ sí Richmond, mo ní kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ ilé náà hàn mí. Mo ka lẹ́tà bíńtín náà pẹ̀lú gíláàsì ojú mi àti ti akọ̀wé. Kò sí Barker nínú rẹ̀, a jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ògiri erùpẹ̀ kan ló ń dá odò Brazos dúró fún ẹ́sítéètì náà, ẹ̀ka mìíràn tún ń gba owó orí fún ìyẹn náà. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn fún mi ní ìwé MUD. Ó kọ́kọ́ ní kò sí. Mo ní òfin ní kó wà. Ó wọ yàrá kan, ó mú un jáde.

Lójú ọ̀nà padà, a yà sí Sugar Land, níbi tí wọ́n tún àwọn márùndínlọ́gọ́rùn-ún sin sí. Ilé ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Agogo ìparí dún, àwọn ọmọ ń jáde, àpò lẹ́yìn. Ìyàwó mi jókòó sínú ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Alief.

A ṣì ń ro ó. Rosenberg ní ilé àtijọ́ kan tí owó orí rẹ̀ kò tó ìdajì tibẹ̀, kíṣìnì rẹ̀ kéré ṣá. Mo tún gba ibi tí a ti rí màlúù kọjá lánàá. Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Igi kéékèèké ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri pápá náà, wọ́n so ọ̀já pupa mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́_n_sinmi

Rosenberg yẹn, apá ibo? Àbúrò mi náà ń wá ilé.